Àfirọ́pò kọ́ o: R.E.M. ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe pe àwọn orúkọ orin òyìnbó ní Yorùbá yìí tẹ́lẹ̀, torí àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ ló ti ń fà á bọ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí i láàárọ̀ yìí pé a ti fẹ́ẹ́ fọwọ́ sí "rọ́ọ̀kì àfirọ́pò" fún alternative rock, mo ní rárá, ẹ dúró ná. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó mú un wá sọ ni pé alternative ni nǹkan téèyàn lè fi rọ́pò òmíràn, ó tán. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, àfirọ́pò létí tèmi ni kí tíṣà ṣàìsàn kí wọ́n gbé ẹlòmíì wá síwájú kíláàsì. Ta ni orin yìí wá rọ́pò? Rọ́ọ̀kì tó ti wà tẹ́lẹ̀ ò kúrò níbì kankan, òun náà ló ń pa owó lórí àwọn rédíò ńláńlá ní gbogbo ìgbà táwọn wọ̀nyí ń ṣeré nínú ilé ọtí kótópó.

Ẹ jẹ́ n mú ẹgbẹ́ olórin kan ṣoṣo ká fi wọn ọ̀rọ̀ náà wò. R.E.M. ni mo mú, torí àwọn ni mo mọ̀ jù. Ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìlú yunifásítì ni. Michael Stipe ń kọrin, Peter Buck ń ta gìtá, Mike Mills wà nídìí béèsì, Bill Berry ń lu ìlù. Buck ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ń pè ní Wuxtry nígbà yẹn, ibẹ̀ lòun àti Stipe ti di ọ̀rẹ́. Ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1980 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣeré níwájú èèyàn, ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ wọn kan ni, inú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí wọ́n ti sọ dilé gbígbé ni wọ́n sì ti ṣe é. Orúkọ wọn ńkọ́? Díkíṣọ́nárì ni wọ́n ṣí, ibi tí ọwọ́ bà náà ni wọ́n mú (èyí yẹ kó dùn mọ́ gbogbo àwa táa wà níbí nínú). R.E.M. ni bí ẹyinjú ṣe máa ń yí kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú téèyàn bá ń lálàá lójú oorun. Mi ò mọ̀ bóyá a ti ní ọ̀rọ̀ kan fún ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ dọjọ́ mìíì.

Rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ wọn, Radio Free Europe, ọdún 1981 ló jáde, iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Hib-Tone ló gbé e jáde, 1,000 ẹyọ péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ? Rédíò olówó ò fẹ́ ẹ. Rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló gbà á, irú èyí tí ọmọ ogún ọdún á jókòó sídìí ẹ̀rọ láago méjì òru, á máa fi ohun tó bá wù ú sí i, torí kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un, kò dẹ̀ sẹ́ni tó lè lé e níṣẹ́. Àwọn olórin náà á kó sínú bọ́ọ̀sì kékeré, wọ́n á máa ti ìlú dé ìlú, ibi tí rédíò yẹn bá ti dárúkọ wọn ni wọ́n máa ń bá èèyàn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé college rock làwọn èèyàn kọ́kọ́ ń pè é kí alternative tó wá borí. Ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe orin yẹn fúnra rẹ̀ ni wọ́n fún lórúkọ, ọ̀nà tó gbà dé etí èèyàn ni. Ọ̀nà kan wà tó jẹ́ títì ọlọ́dà, ọ̀nà kan wà tó gba ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí mo ń mú wá nìyí: rọ́ọ̀kì ẹ̀bùrú.

Mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ̀bùrú ti dọ̀rọ̀ àbùkù, tí wọ́n bá ní ẹnì kan gba ẹ̀bùrú wọṣẹ́, a mọ̀ pé owó ti yí lábẹ́ tábìlì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kó tó di ti jìbìtì, ọ̀nà tí ìyá àgbà mi ń gbà lọ sódò ni, ọ̀nà tóóró tí koríko máa ń gbá èèyàn lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, tẹ́ni tí kì í ṣe ọmọ àdúgbò ò ní mọ̀ pé ó wà. Ká tiẹ̀ sòótọ́, àbùkù díẹ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kó bá a mu, torí nígbà yẹn lọ́hùn-ún, bí àwọn olórin tó gba títì ṣe ń fojú wo àwọn wọ̀nyí náà nìyẹn.

Ẹni tó ní ká kọ "ràhùn" fún àwo wọn àkọ́kọ́, Murmur, ti 1983, mi ò gbà. Ẹni tó ń ràhùn ń ṣàròyé. Stipe kì í ṣàròyé nínú àwo yẹn, ṣe ló ń kọrin bí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu láì là á, èèyàn á gbọ́ ọ ní ìgbà ogún, kò ní lè bura pé báyìí ló wí. "Wúyẹ́wúyẹ́" ni tèmi, ẹ wò ó bí ó ṣe já sí méjì bíi mur-mur gan-an! Wúyẹ́wúyẹ́ ọ̀hún náà ni ìwé ìròyìn Rolling Stone mú ní àwo tó dáa jù lọ́dún yẹn, ọdún tí Thriller ti Michael Jackson wà nílẹ̀ o.

Ká tún wá dé ibi tó dùn. Lọ́dún 1987, The One I Love wọ àárín orin 10 tó ṣíwájú ní Amẹ́ríkà, làwọn ọkọ bá ń ní kí rédíò bá àwọn fi kí ìyàwó, wọ́n ò fetí sí i pé ẹni tó ń lo èèyàn bí ohun èlò ló ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1988 wọ́n kúrò ní I.R.S., iléeṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde, wọ́n bọ́ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ńlá Warner Bros. Lọ́dún 1991 Out of Time jáde, ó gba ipò 1, Losing My Religion dé ipò 4. Ìgbà tó di Grammy ọdún 1992, àwo yẹn gba ẹ̀bùn alternative, orin inú rẹ̀ yìí kan náà sì gba ẹ̀bùn pop, alẹ́ ọjọ́ kan náà! Tó bá jẹ́ àfirọ́pò ni, kí ló ń fi ara rẹ̀ rọ́pò lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ẹ̀bùrú ò ní wàhálà yìí, torí ẹ̀bùrú tí wọ́n da ọ̀dà sí, tí mọ́tò wá ń gbabẹ̀, ẹ̀bùrú náà ni wọn ó máa pè é. Gbogbo ìlú wa ló ní Ìdí-báyìí-báyìí tí igi ọ̀hún ti wó láti ayébáyé, orúkọ ò bá igi wó. Barrister náà sọ pé ara àwòrán òkè Fuji tóun rí ní pápákọ̀ òfurufú lòun ti mú orúkọ fújì, kò dẹ̀ sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ ń gun òkè kó tó jó.

Àbúrò wa tó túmọ̀ Losing My Religion sí "Mo Ń Pàdánù Ẹ̀sìn Mi", tẹ́nì kan wá ń bi í pé ṣé Stipe ti di kèfèrí ni, ẹ má jà mọ́. Àṣà ọ̀rọ̀ àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà ni. Ẹni tí nǹkan bá ti sú débi tó fẹ́ẹ́ sọ ohun tí ò yẹ kó sọ, ó ti fẹ́ẹ́ pàdánù ẹ̀sìn ẹ̀ nìyẹn. Ṣé àwa ò ní in ni? Mo wà nínú dánfó lọ́jọ́ kan, oṣù ààwẹ̀ ni, kọ̀ńdọ́ ń fi ṣéńjì ìyá kan ṣeré, ó ń ní "ẹ fara balẹ̀ mọ̀mí", a ti kọjá bọ́sítọ́ọ̀pù méjì. Ìyá yìí ká ìborùn ẹ̀ mọ́ ọrùn, ó rọra sọ ọ́ ni o, kò pariwo: "Ìwọ ọmọ yìí, má bà mí láàwẹ̀ jẹ́ o." Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́, owó sì jáde. Losing my religion tí mo mọ̀ nìyẹn. Àwọn tiṣọ́ọ̀ṣì náà ní tiwọn, "ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dẹ́ṣẹ̀ láàárọ̀ yìí".

Ibì kan ṣoṣo ló ti kù díẹ̀ káàtó. Ìbínú kọ́ ló ń da ẹni inú orin náà láàmú, ìfẹ́ ni, ó fẹ́ràn ẹni tí ò fẹ́ràn ẹ̀ padà, Stipe fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ọkàn ẹ̀ ò wá balẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ó ń bẹ̀rù pé òun ti sọ àsọjù. Nítorí náà "Mo Fẹ́ẹ́ Ṣìwà Hù" ni màá kọ bó bá jẹ́ èmi. Tí ẹ bá gbà mí láyè ká ṣẹ̀fẹ̀, "Ìfẹ́ Fẹ́ẹ́ Bà Mí Láàwẹ̀ Jẹ́".

Àwo wọn Automatic for the People ti 1992 rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká máa wá ẹ̀rọ kankan kiri níbẹ̀. Ilé oúnjẹ kan ní Athens, Weaver D's, tí wọ́n ti ń ta adìyẹ díndín, ara pátákó ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà, tí oníbàárà bá sì béèrè oúnjẹ, "automatic" ni bàbá tó ni ín á fi dá a lóhùn, pé ó ti délẹ̀, ó ń bọ̀ kíá. "Wàràǹṣeṣà fún Gbogbo Ayé" ni mo kọ.

Ó kù ọ̀kan. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ náà "túká" lọ́dún 2011. Ẹgbẹ́ tó bá túká lọ́dọ̀ wa, owó tàbí obìnrin tàbí ta lọ̀gá ló wà nídìí ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n máa ń kọ sára orin wọn, wọ́n á dẹ̀ pín owó ẹ̀ dọ́gba láì wo ẹni tó kọ ọ́. Lọ́dún 1995 iṣan kan bẹ́ nínú ọpọlọ Berry lórí ìtàgé ní Lausanne ní Switzerland, Ọlọ́run yọ ọ́, ó padà sídìí ìlù, àfi ìgbà tó di 1997 tó ní ó tó, òun ń lọ dáko. Stipe wá sọ nípa àwọn mẹ́ta tó kù pé ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ajá náà ni, á kàn tún eré sísá kọ́ ni. Ajá yẹn tún sáré fún ọdún 14. Ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 2011 ni wọ́n kéde pé ó tó bẹ́ẹ̀, láìsí ìjà. Kógbá wọlé ni wọ́n ṣe, bí ìyá tó ta ọjà ẹ̀ tán tílẹ̀ ń ṣú. Lọ́dún 2024, nígbà tí wọ́n fi wọ́n sínú Songwriters Hall of Fame, ẹgbẹ́ tó ń bọlá fún àwọn tó ń kọ orin, ní New York, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Berry tó ń dáko pẹ̀lú wọn, dìde wọ́n ṣe Losing My Religion, orin kan yẹn péré, wọ́n dẹ̀ jókòó. Ẹni tó túká ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ sọ̀rọ̀ sí ẹ̀bùrú yẹn kí wọ́n tó kọ àfirọ́pò sílẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì dìde nílẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ sí.