Pọ́ọ̀tù ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà: ṣé èbúté ni àbí ihò?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lánàá ní kí a máa pe pọ́ọ̀tù ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ìyẹn ibi tí a ti ń ki wáyà bọ̀ ọ́, ní "èbúté" ní Yorùbá, torí pé ohun tí ìwé atúmọ̀ èdè sọ nìyẹn. Ẹlòmíì ní "ojú" ló dáa. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe jẹun n'Íbàdàn, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Èbúté ò wọlé rárá. Pọ́ọ̀tù méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ní, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sì yàtọ̀. Ti ọkọ̀ ojú omi, bíi ti Àpápá, inú "portus" èdè Látìn ló ti jáde, ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ti kọ̀ǹpútà bá "porta" tan, ìyẹn ẹnu ọ̀nà ìlú. Òun náà ni wọ́n fi pe ihò ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ogun, níbi tí wọ́n ti máa ń yọ ẹnu àgbá jáde. Ẹni tó pè é ní èbúté ti lọ kanlẹ̀kùn ilé onílé.

"Ojú" gan-an ni mo fara mọ́ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí màmá kan tó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré ní Ọ̀yọ́ pè mí. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ ńlá kan, wọ́n to gbogbo rẹ̀, wọ́n tàn án, fáànù ń kùn, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán kankan. Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Ihò HDMI, ti wáyà tó ń gbé àwòrán, méjì ló máa ń wà lẹ́yìn irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: ọ̀kan lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti USB àti ti íntánẹ́ẹ̀tì, ìkejì nísàlẹ̀, lára káàdì tó ń gbé àwòrán jáde. Bí káàdì yẹn bá ti wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló máa ń pa tòkè tì. Tòkè ni Màmá ki wáyà bọ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ yọ wáyà yẹn, ẹ tì í bọ ojú tó wà nísàlẹ̀."

"Ojú wo lẹ́yìn? Ṣebí iwájú lojú kọ̀ǹpútà wà!"

Wọn ò jẹ̀bi. Ibi tí à ń wò ni gbogbo wa ń pè lójú kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú abẹ́rẹ́ la ti ń ki òwú bọ̀. Mo ní, "Ihò, Màmá. Ihò pẹlẹbẹ méjì tó jọra. Ti ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò." Mo gbọ́ tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ tábìlì, nǹkan sì ró kọ́. "Ó ti tàn, Ẹnjiníà!"

Ẹ fi "èbúté" ṣe ìyẹn lórí fóònù kí n rí i.

Tíṣà kan ní ihò ò bójú mu, pé bí òun bá pe "ihò ẹ̀yìn" ní kíláàsì, ẹ̀rín ni. Kí wọ́n rín in. Ta ló ń rẹ́rìn-ín ihò imú? Ìṣòro tó wà níbẹ̀ lójú tèmi yàtọ̀: ihò VGA kan ṣoṣo, ti wáyà àwòrán àtijọ́, aláwọ̀ aró yẹn, ihò wẹ́wẹ́ 15 ló wà nínú rẹ̀. Ihò nínú ihò! Ti PS/2 tí ilé iṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1987 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ti kíbọọ̀dù àti ti máòsì rí bákan náà ní ìrísí, ihò wẹ́wẹ́ 6 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfi àwọ̀ elésè àlùkò àti àwọ̀ ewé tí wọ́n wá fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Síbẹ̀, ihò ni mo dìbò fún.

Ṣùgbọ́n pọ́ọ̀tù kan wà tí kò ní ihò. Nọ́ńbà lásán ni, láti 0 dé 65,535, tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ètò tí ohun tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé ń lọ bá; 80 àti 443 ni ìkànnì fi ń wọlé jáde. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ fún ní "ẹnubodè". Láyé àtijọ́, oníbodè á jókòó síbẹ̀, á bi ọ́ pé kí lo rù, á gba owó ibodè, tàbí kó dá ọ padà. Ohun tí àwọn kan ń pè ní "ògiri iná" (firewall, ètò tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé jáde lórí kọ̀ǹpútà), bí ẹni pé ilé ń jó, iṣẹ́ oníbodè gan-an ló ń ṣe. Gẹ̀ẹ́sì fi "pọ́ọ̀tù" pe ihò àti ẹnubodè. Kò kàn wá.

Orí wáyà, "ẹnu wáyà" là ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò rí ìjà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló kù. "So ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà" ló wà nínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ (Wi-Fi) ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń ṣiṣẹ́ báyìí, ẹni tó kà á á máa wá wáyà tí kò sí. Èmi ì bá ní "ki wáyà bọ̀" fún ti wáyà, "so pọ̀" fún ti afẹ́fẹ́. Àmọ́ "so" ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pe méjèèjì, mi ò sì tíì borí wọn.