Wọ́n fẹ́ fi mí jọ̀gá níbi iṣẹ́, ìyàwó mi ní kí n dúró ná

Ọkọ Àṣàkẹ́, Birmingham
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú làálàá. Nọ́ọ̀sì ni mí. Òru ni mò ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ni ìyàwó mi ń ṣe tirẹ̀ nílé ìtọ́jú arúgbó, torí agbára wa ò ká owó ẹni tí yóò máa bá wa tọ́jú ọmọ. Tí mo bá ń wọlé láàárọ̀, òun ti wọ kóòtù, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ti jẹun, báàgì rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn." Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ń bá ara wa sọ lójúmọ́ nìyẹn.

Wọ́n wá fẹ́ fi mí ṣe ọ̀gá wọ́ọ̀dù. Owó oṣù á gbé pẹ́ẹ́lí sí i, ṣùgbọ́n wọn á lè pè mí nígbàkigbà. Inú mi dùn débi pé mo ti pe bàbá mi l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó mi kàn wò mí, ó ní, "Ìgbà wo la jọ jẹun kẹ́yìn?" Mi ò rántí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Luton
Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà á! Owó ni kẹ̀kẹ́ ìyìnrere. Èmi tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbé wá, £1,035 ni owó ìlera tí ìjọba Britain ń gbà mọ́ físà lórí àgbà kan fún ọdún kan, £776 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ti gbogbo ọdún tó wà lórí físà ni wọ́n sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìfẹ́ wo ló fẹ́ san ìyẹn? Bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́.

Bàbá Houston
Ọmọ mi, mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Iṣẹ́ méjì ni mo ṣe ní Amẹ́ríkà níbí títí mo fi ra ilé oníyàrá márùn-ún. Ìyàwó mi ò bá mi jà nígbà tó ń lọ. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń dá gbé, pé òun kàn fẹ́ lọ dá gbé níbi tí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin mi wá kí mi, mo se ọbẹ̀ ẹja dè é. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kò jẹ ẹja mọ́. Gbogbo ayé ló mọ̀, àfi èmi. Èmi nìkan ni mo jẹ ìkòkò ọbẹ̀ yẹn tán.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, nọ́ọ̀sì tó bá wà lórí físà Health and Care, ìyẹn físà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, kì í san owó ìlera yẹn, tòun tìyàwó tọmọ, nítorí náà má fi ìyẹn dẹ́rù bà wọ́n.

Ọkọ Àṣàkẹ́, kí ẹ tó sọ pé ẹ gbà tàbí ẹ ò gbà, ẹ kọ lẹ́tà ná. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2024, láti ọjọ́ tí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ti lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí wọ́n yí àkókò iṣẹ́ òun padà. Oṣù méjì ni wọ́n ní láti fi dáhùn, wọn ò sì gbọdọ̀ kọ̀ láì kọ́kọ́ bá yín jókòó sọ ọ́. Ẹ lè béèrè lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù méjìlá. Kò di dandan kí wọ́n gbà o. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mi ò kọ "mo fẹ́ ráyè fún ẹbí mi". Ọjọ́ àti wákàtí tí mo fẹ́ ni mo kọ, mo sì dárúkọ ẹni tó ṣetán láti bá mi pààrọ̀.

Ìwé kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa fọwọ́ sí láì kà, pé a gbà láti ṣiṣẹ́ ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀. Ẹ lè fagi lé e. Ìkìlọ̀ ọjọ́ méje tó, àyàfi bí àdéhùn yín bá ní kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kò sì lè ju oṣù mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà lórí físà iṣẹ́, àkókò ni kí ẹ yí, ẹ má dín wákàtí kù débi tí owó oṣù á fi jábọ́ sísàlẹ̀ iye tí físà ń béèrè.

Ọjọ́bọ̀ ni tèmi àti bàbá wọn, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. A kì í gbé fóònù. Nígbà míì, oorun nìkan la máa ń sùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Luton
Oorun ọ̀sán ní ìlú òyìnbó! Ẹ̀yin lẹ lówó jù nínú wa, mà.

Ọkọ Àṣàkẹ́, Birmingham
Mo sọ fún wọn pé mo máa gbà á bó bá jẹ́ ọ̀sán, tí wọn ò sì ní máa pè mí sílé. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. A jọ jókòó kọ ọ́ lálẹ́ àná, ìyàwó mi ń pè é, mo ń tẹ̀ ẹ́. A jiyàn lórí Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì títí ọmọ fi sùn lọ sórí àga. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà tiyín ránṣẹ́ sí mi, Gẹ̀ẹ́sì tèmi ti le jù.