Ọkọ̀ tó ń kú lójú ọ̀nà: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí àti bẹ́ ẹ ṣe tún un ṣe nílé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ará ilé. Mo ti ń ka ìtàn yín tipẹ́, òní ni mo fẹ́ sọ tèmi, lórí Camry 1999 mi, èyí tí wọ́n ń pè ní pencil light, ẹ́ńjìnì 5S. Ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín lábẹ́ ẹ̀, torí owó tí mo ná kí n tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí, mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì tún ná an.

Mo ń ti Bódìjà bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ ọwọ́ wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. A dé gósílò Ìwó Róòdù, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, mo tẹ búréèkì, ọkọ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Mo sítáàtì ẹ̀, ó jí lójú ẹsẹ̀. Mo sún síwájú, mo tún tẹ búréèkì, ó tún kú. Kí n tó délé ó ti kú tó ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, àwọn ọlọ́kọ̀ èrò ń fun fèrè lé mi lórí, ọmọ ń ké, òógùn bò mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó gbàgbé, torí ẹ̀mí ni. Tí ẹ́ńjìnì bá kú tí ọkọ̀ ṣì ń rìn, sítíárìn á wúwo lójijì, búréèkì náà á fẹ́ le. Ẹ má tẹ búréèkì ní àtẹ̀túntẹ̀ o. Agbára afẹ́fẹ́ tó ń bá yín ti búréèkì ò lè tó ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti dákẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi agbára fa sítíárìn sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ má sì yọ kọ́kọ́rọ́ nígbà tó ṣì ń rìn, sítíárìn á lọ́ọ̀kì mọ́ yín lọ́wọ́.

Ó yá. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní fúẹ́ẹ̀lì pọ́ńpù ni. A ra tòkúnbọ̀, wọ́n ṣí abẹ́ àga ẹ̀yìn, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ọjọ́ kejì ó kú. Wọ́n ní plọ́ọ̀gù ni, mo ra mẹ́rin, ó kú. Rìwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ní kọ́ílì tó ń fi iná ránṣẹ́ sí plọ́ọ̀gù ni, ọkọ̀ tèmi kọ́ílì méjì ló ní, mo ra méjèèjì, ọjọ́ mẹ́ta péré ó tún kú síwájú ilé ìwé àwọn ọmọ. Nígbà tá a wà yìí, tí lítà epo kan ti kúrò ní nǹkan bí 190 náírà bọ́ sí nǹkan bí 500 lẹ́yìn May 2023, tó sì tún ti gòkè síwájú sí i látìgbà náà, ta ló lówó tá á máa fi dán ọkọ̀ wò báyìí? Kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi nínú gbogbo wọn, wọ́n kàn ń pààrọ̀ ni.

Bàbá kan ládùúgbò wa, tó wa ọkọ̀ èrò Ìbàdàn sí Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó yí ọ̀rọ̀ padà: "Ìgbà wo gan-an ló máa ń kú?" Mo ní tí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, bàbá. "Ṣé ó ti kú lórí eré rí?" Rárá. "Tó o bá tan ẹ́síì ńkọ́?" Ó tètè máa ń kú tí ẹ́síì bá wà lórí. Bàbá ní ó parí, kì í ṣe epo, kì í ṣe iná, bó bá jẹ́ àwọn yẹn ni, orí eré ni ì bá ti máa kú, níbi tí ẹ́ńjìnì ti ń béèrè oúnjẹ gan-an. Ó ní ọkọ̀ mi ò rí èémí mí ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi nígbà tí mo ṣí i. Lẹ́nu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, wáyà tọ́rọ́tù ló ń ṣí i, tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ ìlẹ̀kùn á pa dé. Ihò kékeré kan ló máa kù tí ẹ́ńjìnì á máa fi mí, idle valve, èyí tí wọ́n ń pè ní IAC, ló ń ṣọ́ ihò yẹn, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń sọ fún un pé kó ṣí i sí i tàbí kó dín in kù, tẹ́ ẹ bá tan ẹ́síì á ṣí i sí i torí ẹrù ti pọ̀. Tí ọkọ̀ bá ti pẹ́ láyé, èéfín ọ́ìlì á bo ihò náà, valve ọ̀hún á lẹ̀, kò ní lè yí mọ́.

Sátidé ni mo ṣe é, ẹ́ńjìnì ti sùn mọ́jú kó lè tutù dáadáa torí omi rédíétọ̀ ń gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá. Mo yọ wáyà dúdú lórí bátìrì. Mo ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ má fojú fo èyí, fọ́tò yẹn ló gbà mí nígbà tí mo fẹ́ dá họ́ọ̀sì padà. Mo tú họ́ọ̀sì ńlá tó ti ibi air filter wá, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú, ẹ̀gbin tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn dà bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi igi dáná sí. Sìpánà 12 ni mo fi tú throttle body, irin tí ìlẹ̀kùn yẹn wà nínú ẹ̀. Họ́ọ̀sì omi méjì wà lábẹ́, mo fi bọ́ọ̀tì dí wọn lẹ́nu. IAC wà lábẹ́ ẹ̀ gan-an, skurú tó dì í mú ti gan pátápátá, mo fín WD-40 sí wọn, mo jókòó tó ogún ìṣẹ́jú, mo fi òòlù gbá ìdí screwdriver wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí n tó yí i, torí tí orí skurú yẹn bá ti jẹ, ẹ̀ ń wá nǹkan míì nìyẹn. Carb cleaner àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, mo fọ̀ ọ́ títí omi dúdú fi dẹ́kun tí irin fi funfun, ṣùgbọ́n apá ibi tí wáyà ń wọ̀, mi ò jẹ́ kí cleaner kàn án.

Mo dá gbogbo ẹ̀ padà, mo sítáàtì, ọkọ̀ ò kú mọ́ lóòótọ́ àmọ́ ó ń han, abẹ́rẹ́ rpm tó ń ka bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí ní ìṣẹ́jú kan, 1,500 ló dúró sí, kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọkàn mi dàrú. Mo tún ṣí i lọ́sàn-án, gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí mo dá padà, èyí tó ń dí àárín irin méjì kí afẹ́fẹ́ má yọ́ wọlé, ti ya lápá kan, afẹ́fẹ́ ń yọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Àràrọ̀mí ní Gate, mo ra tuntun, mo pààrọ̀ ẹ̀, mo fi omi kún rédíétọ̀, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ níta gbangba títí fáànù fi yí lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 750, ó dúró síbẹ̀ jẹ́jẹ́. Láti oṣù kẹsàn-án títí dòní, kò tíì kú lẹ́ẹ̀kan.

---

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni. Tèmi Bulldog ni, Honda Accord 1996, Ìkòròdú ni mò ń gbé. Èmi ní tèmi, kò sí ohun tó kan búréèkì, oòrùn ni. Láàárọ̀ kò sí wàhálà kankan, àmọ́ tó bá ti di aago méjì ọ̀sán tí mo páàkì sínú oòrùn, tí mo ra búrẹ́dì tí mo padà dé, á máa yí, kò ní mú. Tí mo bá ṣí fèrèsé sílẹ̀ tí mo dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á jí bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Lọ́jọ́ kan ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí eré lọ́nà Ṣàgámù, tírélà wà lẹ́yìn mi, Ọlọ́run ló yọ mí.

Ohun tí mo ṣe nìyí, ẹnikẹ́ni tó bá ní Honda ọdún yẹn lè ṣe é láìná kọ́bọ̀. Ẹ pa rédíò, ẹ pa ẹ́síì, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tíì sítáàtì, ẹ wá gbọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Pọ́ńpù gbọ́dọ̀ kùn bí oyin fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó dákẹ́. Láàárọ̀ mo gbọ́ ọ. Lọ́sàn-án nígbà tó kọ̀, ó dákẹ́ lọ. Pọ́ńpù ò bàjẹ́, iná ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Main relay ni, àpótí kékeré kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo tú u, mo ṣí i, mo fi awò tí ìyá mi fi ń ka Bíbélì wò ó, mo rí i pé òjé tó mú ẹsẹ̀ wáyà méjì nínú ẹ̀ ti là yíká bí òrùka. Tó bá tutù wọ́n á fara kanra, tí ooru bá mú wọn, wọ́n á ya. Àbúrò mi tó ń tún rédíò ṣe ló bá mi fi òjé tuntun jó gbogbo ẹ̀. Ọdún kejì rèé. Ẹni tó fẹ́ ta pọ́ńpù fún mi ti sọ iye tó fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀ o, mo sì ti fẹ́ lọ yá owó náà.

---

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, mo mọ̀ pé obìnrin ò pọ̀ níbí. Corolla 2001 ni mò ń wà láti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tèmi yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹ̀gbọ́n àkọ́kọ́, tó bá dúró sójú kan kò ní kú láéláé, òkè ni kò fẹ́ gùn. Tí mo bá ti tẹ tọ́rọ́tù wọlé lórí òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sẹ́yìn, á kọ́fù, á sì kú. Mo máa páàkì, á tún ṣe dáadáa títí n ó fi dé òkè míì.

Mo rántí February 2022 tí wọ́n kó epo tí methanol ti pọ̀ jù nínú ẹ̀ wọ̀lú tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń bàjẹ́, mo wá ń ro ó pé bóyá epo ni tèmi náà, torí mo máa ń ra epo sínú kẹ́ẹ̀gì pamọ́ tí epo bá ti fẹ́ wọ́n. Mo fa díẹ̀ jáde sínú ìgò funfun, mo gbé e sílẹ̀ mọ́jú jìnnà sí ilé ìdáná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti jókòó sí ìsàlẹ̀, epo léfòó sórí ẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ pupa kéékèèké wà lábẹ́ omi. Àbúrò mi ọkùnrin ṣí abẹ́ àga ẹ̀yìn, a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀, a yọ wáyà bátìrì, kò sí ẹni tó tan iná nítòsí, fire extinguisher wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Asẹ́ kékeré tó wà nídìí pọ́ńpù ti dí bí asẹ́ ògì tí wọn ò fọ̀. A ra asẹ́ tuntun, a fa táǹkì gbẹ. Mi ò fi epo sínú kẹ́ẹ̀gì onípẹ́ńtì mọ́ láyé mi.

---

Peugeot 504 bàbá mi ló wà lọ́wọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, kọ́búrétọ̀ ni, kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Lọ́sàn-án gangan epo á hó nínú páìpù, á di afẹ́fẹ́, pọ́ńpù ò ní lè fà á mọ́. Àkísà tí mo rì sómi ni mo máa ń fi lé pọ́ńpù títí á fi tutù, bí bàbá mi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé sílò ni kò mú, ìyẹn tí kò lè dúró jẹ́jẹ́ tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, ẹ yọ jẹ́ẹ̀tì kékeré inú kọ́búrétọ̀, ẹ fẹ́ ẹnu sí i, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, ihò ẹ̀ á fẹ̀, ọkọ̀ á sì máa mu epo bí omi.

---

Mo kí gbogbo yín. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí l'Ábẹ́òkúta, Camry bíi ti ẹ̀gbọ́n lèmi náà ní. Ọjọ́ Tuesday ni mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo ti fẹ́ lọ ra throttle body odindi nítorí pé àìsàn kan náà ni, ó ń kú nídìí búréèkì. Mo ní kí n kọ́kọ́ ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì ná kí n gbọ́ ọ. Ohun kan ń súfèé. Mo ń fi ìka tẹ họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mò ń ṣọ́ra fún bẹ́líìtì àti fáànù, ìgbà tí mo dé ọ̀kan tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, súfèé dákẹ́, ẹ́ńjìnì sì gbé ara ẹ̀ sókè. Rọ́bà ẹ̀ ti gan, ó ti là lórí. Mo gé orí tó là yẹn kúrò torí ó gùn tó, mo tì í padà, mo sì so ó.

Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta. Mo tan ẹ́síì ní gósílò Pánṣẹ́kẹ́ láàárọ̀ yìí, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, mò ń wo abẹ́rẹ́ rpm, ó lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó gbé ara ẹ̀ padà, ó dúró. Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ló kù lọ́kàn mi: ṣé kí n ṣì fọ throttle body náà, àbí kí n fi sílẹ̀ títí á fi tún ṣe nǹkan?

---

Ẹ kú oríire, màmá. Ẹ tú họ́ọ̀sì ńlá yẹn nìkan kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú. Tó bá ti dúdú bí ìdí ìkòkò tí mo sọ yẹn, ẹ fọ̀ ọ́. Kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sílé.