Àbúrò mi ríṣẹ́ sí Harney County ní Oregon, ṣé èèyàn ń gbé ibẹ̀ ṣá?

Ọmọ Mákun:
Ẹ kú àárọ̀ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà ló ní òun ti ríṣẹ́ sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Burns, Harney County, ìpínlẹ̀ Oregon. Inú wa dùn gan-an o, àfìgbà tí mo ṣí máàpù lórí fóònù fún màmá wa ní Ṣágámù níbí. Mo fìka fa máàpù yẹn títí, ìlú ò yọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ló nà gbọnrangandan láàárín ilẹ̀ gbígbẹ. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n fetí ìró nu ojú ẹ̀, wọ́n tún wò ó, wọ́n ní "Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi ọmọ mi ṣọ́ igbó?" Láti àná ni oúnjẹ ò ti lọ lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ kó bá mi ṣàlàyé, báwo ló ṣe tóbi tó, èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀, kí ló dé tó fi dá páropáro báyẹn?

Tísà Òde:
Ọmọ Mákun, fi màmá lọ́kàn balẹ̀, èèyàn ń gbé ibẹ̀, wọ́n kàn jìnnà síra wọn ni. Jọ́gíráfì ni mo fi ogún ọdún ó lé kọ́ ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí náà ẹ má bínú tí mo bá ń sọ̀rọ̀ bíi tísà. Káúńtì lọ́hùn-ún dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, àmọ́ má fi Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ọdọgbolú wọ̀n ọ́n o. Harney ló fẹ̀ jù nínú gbogbo káúńtì Oregon, ó lé ní 26,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn lódindi ò ju bíi 17,000 lọ. Kódà tó o bá so Èkó mọ́ Ògùn wọn ò tíì tó o. Ní 2020 tí wọ́n ka èèyàn, 7,495 péré ni wọ́n bá níbẹ̀. 2,730 wà ní Burns tó jẹ́ olú-ìlú wọn, tó o bá tún ka àwọn ará Hines tó fara tì í, o ti ka ju ìdajì gbogbo wọn lọ.

Omi ló fa gbogbo ẹ̀. Àwọn òkè Cascade tó wà níwọ̀-oòrùn ti gba òjò mọ́ ọn lọ́wọ́, òjò ọdún kan gbáko ní Burns ò ju nǹkan bí ìnǹṣì 10 tàbí 11 lọ, nígbà mí-ìn òjò Júùnù nìkan lè rọ̀ tóyẹn fún wa ní Òde níbí. Odò Silvies ń bọ̀ láti àríwá, Donner und Blitzen ń bọ̀ láti gúúsù, méjèèjì á ya wọ adágún Malheur, ibẹ̀ ló parí sí, kò sí èyí tó dé òkun nínú wọn. Tó o bá dé ẹ̀yìn òkè Steens, tó ga tó 9,733 ẹsẹ̀ bàtà, ibẹ̀ tún burú jùyẹn lọ, aṣálẹ̀ Alvord ló wà níbẹ̀, ilẹ̀ adágún àtijọ́ tó gbẹ tó ń dán bí abọ́. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, tó o bá pín ilẹ̀ káúńtì yẹn sọ́nà mẹ́rin, bí ìdá mẹ́ta jẹ́ tìjọba àpapọ̀, ibo lèèyàn fẹ́ kọ́lé sí? Ilé-iṣẹ́ pákó tó wà ní Hines ló kó èrò wá nígbà kan, ní 1980 wọ́n tó 8,314, iṣẹ́ pákó bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tó fi máa di 1990 wọ́n ti já sí 7,060.

Ìyá Ìbejì Ìpẹ́rù:
Hàà! 7,495? Ẹgbẹ́ regbérégbé mélòó kan lọ́jọ́ Òjúde Ọba á ti kún gbogbo ìlú yẹn fọ́fọ́ o 😂😂 ta ni wọ́n ń pè sí òde àríyá níbẹ̀? Àmọ́ tísà, ta ló nilẹ̀ gan-an kí òyìnbó tó dé?

Tísà Òde:
Àwọn Paiute ni, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ààrẹ Grant ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún wọn ní 1872, àwọn aláwọ̀ funfun ń da màlúù wọnú ẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n ṣèlérí ò tó, ogun Bannock láàárín àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àti ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ́ ní 1878, ni ìjọba bá kó àwọn Paiute rin inú yìnyín ní Jánúárì 1879 lọ sí Yakama ní ìpínlẹ̀ Washington, títí kan àwọn tí ò bá wọn jagun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ilẹ̀ ọ̀hún. Àwọn tó rọra yọ́ padà wá ṣe lébìrà fún òyìnbó lórí ilẹ̀ bàbá wọn, ọdún 1972 ni wọ́n tó rí díẹ̀ gbà padà nítòsí Burns. 1889 ni wọ́n dá káúńtì yẹn sílẹ̀, wọ́n fi orúkọ ọ̀gágun William Harney sọ ọ́, ìyẹn ku ọdún mẹ́ta kí ogun Ìmagbọn tó jà níhìn-ín.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ò sì tán. Peter French tó da màlúù wá láti California ní 1872 gba ilẹ̀ títí, òun àti àwọn tó wá dá oko kéékèèké ń fà á, Edward Oliver yìnbọn pa á ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì 1897, àwọn ìgbìmọ̀ kóòtù sì dá Oliver sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọmọ onílẹ̀ á mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣàjèjì. Lékeléke pàápàá ò bọ́, ńṣe ni wọ́n ń pa wọ́n tórí ìyẹ́ tí wọ́n ń fi sí fìlà obìnrin, òun ló jẹ́ kí Ààrẹ Roosevelt ya adágún Malheur sọ́tọ̀ fáwọn ẹyẹ ní 1908. Ibẹ̀ náà làwọn oníbọn gbà fún ọjọ́ 41 ní 2016, pé ìjọba ò gbọ́dọ̀ nilẹ̀ tó pọ̀ tóyẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ará ibẹ̀ rárá.

Dẹ́rẹ́bà Tírélà:
Èmi wakọ̀ gba ọ̀nà 20 yẹn fọ́dún mẹ́ta kí n tó padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti Burns sí Bend tó bíi 210 kìlómítà, bí ìgbà téèyàn lọ láti Ṣágámù sí Ìbàdàn, tó padà, tó tún lọ, kò sẹ́ni tó ń ta bọ̀ọ̀lì lójú ọ̀nà o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á kàn lọ. Sọ fún àbúrò ẹ pé kó má jẹ́ kí epo mọ́tò òun wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan yìnyín mú mi mọ́lẹ̀, ìka mi ò lè di ṣéènì táyà mú mọ́, bàbá àgbẹ̀ kan tó ń da màlúù yọ pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù, kò bi mí orúkọ, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ so ṣéènì yẹn, ó bu kọfí fún mi nínú ìdérí fúláàsì, ó bá tiẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ pé màlúù 14 ló wà fún èèyàn kan. Ní abúlé Crane, ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ìjọba ní bọ́dìn, àwọn ọmọ á sùn síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ torí ilé jìnnà jù.

Ọmọ Mákun:
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti kà á fún màmá. Ibi bàbá onífúláàsì yẹn ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n bi yín, òtútù yẹn, ṣé aṣọ òfì á gbà á?

Dẹ́rẹ́bà Tírélà:
Kò gbà á o, Màmá. Ẹ fowó òfì ra gaàrí ránṣẹ́ sí i, kó ra ẹ̀wù òtútù lọ́hùn-ún.