Ẹ̀rọ ìfági ńlá fún ṣọ́ọ̀bù ilé: ṣé oní-ínǹṣì 15 ni kí n rà, àbí oní-ínǹṣì 20?

Afágidán béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá nínú iṣẹ́ igi. Ẹ̀rọ ìfági kékeré tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì ni mo ń lò láti ìgbà tí mo ti ń kan àga àti àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé mi. Pákó tó bá fẹ̀ ju ínǹṣì 13 lọ kò lè wọ inú rẹ̀, ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé n kì í lè tàn án lálẹ́, bí igi bá sì le, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ máa fá a kí mọ́tò rẹ̀ má baà gbóná jù. Mo ti pinnu láti ra ẹ̀rọ ńlá tó ń dúró lójú kan. Ohun tí n kò tíì yanjú ni bóyá oní-ínǹṣì 15 tó mi tàbí kí n kúkú ra oní-ínǹṣì 20, àti bóyá ó yẹ kí n fi owó kún owó nítorí orí ìfági (irin róbótó tó ń yí, tí ọ̀bẹ wà lára rẹ̀) tó ní ọ̀bẹ wẹ́wẹ́, dípò èyí tó ní ọ̀bẹ gígùn mẹ́ta. Àyè tí mo ní kò ju ibi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan lè dúró sí lọ, iná oníféèsì kan ló sì wọ ibẹ̀. Pákó tí mo ń lò kì í sábà fẹ̀ ju ínǹṣì 8 lọ, àfi nígbà tí mo bá lẹ pákó pọ̀ fún ojú tábìlì.

Ọ̀gá Pákó fèsì:

Ẹ kú ìbéèrè. Kí ẹ tó ro ti fífẹ̀ ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ wo iná yín, nítorí òun ni yóò sọ èyí tí ẹ lè rà. Mọ́tò oní-ínǹṣì 15 sábà máa ń ní agbára ẹṣin 3, ìyẹn nǹkan bíi kílówáàtì 2.2, iná oníféèsì kan tó jẹ́ fóltì 220 sí 240 sì lè gbé e bí ó bá ní wáyà àti bírékà tirẹ̀. Oní-ínǹṣì 20 sábà máa ń béèrè agbára ẹṣin 5, ọ̀pọ̀ àlòkù tó sì ń jáde láti ilé iṣẹ́ ńlá ló jẹ́ oníféèsì mẹ́ta. Ẹ̀rọ wà tó ń sọ féèsì kan di mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìnáwó ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ má sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn fa iná wá fún un rárá, torí iná tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ń fà nígbà tó bá ń gbéra pọ̀ ju èyí tó ń fà lẹ́nu iṣẹ́ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ẹ kò dárúkọ jọ́ńtà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú kí ojú pákó tó wọ́ tọ́, kó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀rọ ìfági kì í tọ́ pákó tó ti wọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí ojú òkè pákó jìnnà sí ojú ìsàlẹ̀ rẹ̀ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí pákó bá lọ́, àwọn róólà tó ń fa pákó gba inú ẹ̀rọ kọjá yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì, ọ̀bẹ yóò fá a, bó bá sì ti jáde, yóò ta padà sí bó ṣe lọ́ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìnípọn tó dọ́gba. Nítorí náà, ẹni tí jọ́ńtà rẹ̀ kò ju oní-ínǹṣì 8 lọ kò ní rí iṣẹ́ púpọ̀ fún ẹ̀rọ ìfági oní-ínǹṣì 20, yàtọ̀ sí pákó tó ti tọ́ kó tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí ẹ kò bá ní jọ́ńtà rárá, ẹ lè gbé pákó wíwọ́ náà lé pákó mìíràn tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ fi ègé igi pẹlẹbẹ há gbogbo àlàfo tó wà láàárín wọn kí ó má lè mì, kí ẹ sì ti méjèèjì wọlé pọ̀. Ọ̀nà yìí dára, ó kàn ń gba àkókò ni. Fún àyè yín àti iná yín, oní-ínǹṣì 15 ni mo fara mọ́.

Iléiṣẹ́ Ẹ̀yìnkùlé fèsì:

Mo gbà pẹ̀lú Ọ̀gá Pákó lórí ínǹṣì 15. Ti ọ̀bẹ ni èmi fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni owó tó kù yẹ kó lọ. Ọ̀bẹ wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin tí wọ́n fi kábáìdì (ohun líle bí irin tí kì í tètè kú) ṣe ní ojú mẹ́rin, bí ọ̀kan bá kú, ẹ ó tú ìdè rẹ̀, ẹ ó yí i sí ojú mìíràn, ẹ ó sì dè é padà. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n yí orí ìfági ká kì í jẹ́ kí gbogbo wọn bá igi lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí ariwo fi ń dín kù gan-an. Níbi tí iṣan igi ti lọ́ ni ẹ ó ti mọ iyì wọn, torí ọ̀bẹ gígùn máa ń fa irú igi bẹ́ẹ̀ ya.

Síbẹ̀, n kò ní bú ọ̀bẹ gígùn. Lórí igi tí iṣan rẹ̀ tọ́, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ọn, ojú tó ń fi sílẹ̀ máa ń dán dáadáa, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Sùúrù ló ń gbà láti tò ó kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ga bákan náà. Ẹ wo ìṣirò yìí pẹ̀lú: ọ̀bẹ mẹ́ta tó ń yí ní ìgbà 5,000 láàárín ìṣẹ́jú kan yóò gé igi ní ìgbà 15,000. Bí ẹ̀rọ bá ń fa pákó ní ẹsẹ̀ bàtà 16 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgé bíi 78 ni yóò bọ́ sórí ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bó bá ń fà á ní ẹsẹ̀ bàtà 30, kò ní tó 42. Ẹ̀rọ tó bá ní ìyára méjèèjì ni kí ẹ wá, kí ẹ máa fi èyí tó yá fá ìfá àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi èyí tó rọra parí iṣẹ́.

Afágidán fèsì:

Mo dúpẹ́ gan-an. Mo ní jọ́ńtà oní-ínǹṣì 8, igi tí iṣan rẹ̀ lọ́ ni mo sì fẹ́ràn jù, nítorí náà mo ti yan ọ̀bẹ wẹ́wẹ́. Ó ku ìbéèrè méjì: ṣé fákúùmù kékeré tí mo fi ń gbálẹ̀ lè gbé èérún igi rẹ̀? Báwo ni n ó sì ṣe yẹra fún kòtò tí ẹ̀rọ máa ń jẹ sí ìpẹ̀kun pákó?

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà fèsì:

Kò lè gbé e. Ẹnu tí èérún ń gbà jáde lára irú ẹ̀rọ yìí sábà máa ń fẹ̀ tó ínǹṣì 4 tàbí 5, páìpù fákúùmù kékeré yóò sì dí kíákíá. Ẹ nílò ẹ̀rọ ìfakuru tó ń gbé afẹ́fẹ́ púpọ̀. Kì í ṣe ti ìmọ́tótó nìkan o: èérún tí wọn kò bá fà jáde máa ń bọ́ sórí pákó, róólà ẹ̀yìn á tẹ̀ ẹ́ wọlé, ojú tó ti dán á sì kún fún àmì.

Kòtò ìpẹ̀kun ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí róólà kan ṣoṣo bá di pákó mú, tí ìpẹ̀kun rẹ̀ sì gbéra díẹ̀ bá ọ̀bẹ. Ẹ fi ọwọ́ gbé ìdí pákó gígùn bó ṣe ń wọlé, kí ẹ sì gbé orí rẹ̀ bó ṣe ń jáde. Ẹ jẹ́ kí pákó kejì tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ ní ìfẹnukanu, kí ẹ sì fi ínǹṣì mélòó kan kún gígùn rẹ̀ tí ẹ ó gé kúrò nígbẹ̀yìn. Àwọn róólà kéékèèké inú tábìlì wúlò fún pákó tí ojú rẹ̀ ṣì rí págunpàgun, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń parí iṣẹ́, ẹ sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Róólà iwájú tó bá jẹ́ irin eléyín máa ń fi àmì sílẹ̀ bí ohun tí ẹ ń fá kúrò bá kéré jù, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ìfá ìkẹyìn kéré sí nǹkan bíi mìlímítà 0.8.

Pákó tó bá kúrú ju àlàfo tó wà láàárín róólà iwájú àti ti ẹ̀yìn lọ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láéláé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ wo inú ẹ̀rọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, torí ó lè ta igi padà.

Bó bá jẹ́ àlòkù ni ẹ rí, ẹ gbé pákó fífẹ̀ kan dání lọ, kí ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Ẹ fá pákó yẹn, kí ẹ fi kálípà, ohun èlò tí a fi ń wọn ìnípọn, wọn etí rẹ̀ méjèèjì. Bí etí kan bá nípọn ju èkejì lọ, ẹ ní kí wọ́n tún ìdúró tábìlì tàbí ti orí ìfági ṣe lójú yín, kí ẹ sì tún un fá kí ẹ tó sanwó.