Ìfaradà kọ́ ni ohùn gìtá ń ṣe

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé síwájú wa pé ká máa fi ṣàyẹ̀wò gìtá olówó gọbọi ní Yorùbá. Mi ò ní bu iṣẹ́ náà kù. Àmọ́ ó jọ pé ìdí ìwé atúmọ̀ èdè ni ẹni tó ṣe é jókòó sí, kò bá onígìtá kankan jókòó.

Ẹ wo "ìfaradà". Wọ́n ní ìyẹn ni ká máa pe bí ohùn okùn ṣe ń pẹ́ kó tó kú lẹ́yìn tí a bá ta á. Ìfaradà kẹ̀? Ẹni tí ìyà ń jẹ ló ń fara dà á. Ní Òṣogbo níbí, bí onígìtá bá ta okùn tí ohùn rẹ̀ kò tètè kú, ohun tó máa sọ ni pé "ó ń fà". Bí ilá ṣe ń fà nínú ọbẹ̀ náà ló ń fà. A lè fa orúkọ yọ lára ìyẹn wọ́ọ́rọ́wọ́: ìfàgùn. "Ìfàgùn gìtá yìí pọ̀." Ta ni kò ní gbọ́ ọ?

"Ohùn gbígbóná" ló bí mi nínú jù. Òyìnbó tí òtútù ń pa nílùú rẹ̀ ló ń fi ooru yin ohùn tó kún, tí kò gún etí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń bínú ni ohùn rẹ̀ ń gbóná. Ohùn tó bá wù wá a máa tutù, a máa rinlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé okùn ìsàlẹ̀ rinlẹ̀, tòkè ń dún gooro, èyí tó le jù ń gún etí, èyí tó ti kú ń dún pọ́-pọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní "gooro" àti "pọ́-pọ́" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Èmi ò rí ìdí. Bí ẹni tó fẹ́ ra gìtá bá kan ojú rẹ̀ níka, ìró tó bá gbọ́ ló máa fi pinnu, a sì ní ọ̀rọ̀ fún ìró ju ọ̀pọ̀ èdè lọ.

Mo ní "ojú rẹ̀", torí mi ò gba "pátákó ìró" tí wọ́n pe pákó iwájú tí ihò wà lára rẹ̀. Ojú ìlù ni onílù ń pe ibi tó ń lù. Kí ló dé tí gìtá kò fi ní ojú? Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Okùn nìkan kò lè dún dé ibì kankan, ojú ló ń bá a gbọ̀n tó sì ń ti afẹ́fẹ́. Ẹ mú gìtá D-28 tí ilé iṣẹ́ Martin ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Igi ilẹ̀ olótùútù kan tí wọ́n ń pè ní spruce ni ojú rẹ̀, igi rósíwúùdù ni ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Ojú yẹn kò nípọn ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ, bẹ́ẹ̀ okùn mẹ́fà ń fà á pẹ̀lú agbára tó tó 70 kílò. Àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nínú, tí méjì tó tóbi jù dábùú ara wọn, ni kò jẹ́ kó ya. "Egungun" ni àkójọ yẹn pè wọ́n, ó sì dára gan-an. Bí egungun bá nípọn jù, ojú kò ní lè gbọ̀n dáadáa. Bó bá tín jù, ojú á wú. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ owó gìtá ńlá ń lọ, sọ́dọ̀ ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó fá egungun dé.

Fún igi tí wọ́n fi ń ṣe gìtá, wọ́n ní "igi orin". Àwọn àgbà onílù, irú àwọn ọmọ Àyàn tó pọ̀ ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tí kò jìnnà sí wa, a máa sọ pé igi ẹ̀bá ọ̀nà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn ló dára láti gbẹ́ ìlù tó máa sọ̀rọ̀. Igi olóhùn ni kí àwa náà máa pe igi gìtá. Ọ̀gánwó tiwa náà kúkú wà lára rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe gìtá lókè òkun ń fi ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Èyí tí kì í ṣe ìpele-ìpele tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní igi odindi. Òun ló ń dún jù, òun náà ni ọyẹ́ ń tètè mú sán.

"Gìtá aláìbẹ̀rù" pa mí lẹ́rìn-ín. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Dreadnought, ìyẹn "aláìbẹ̀rù", tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sójú omi ní 1906, ni wọ́n fi pe irú gìtá náà ní 1916 nítorí pé ó tóbi. Títóbi ló yẹ ká túmọ̀: oníkùn-ńlá. "Gìtá aláìnínáà", ìyẹn èyí tí kò lo iná mànàmáná, ńkọ́? Bọ́kìsì ni gbogbo ènìyàn ń pè é láti ayé àwọn onijùjú àkọ́kọ́. Bí a bá fẹ́ ti Yorùbá, gìtá alápòótí. Igi kékeré tó gbé okùn ró lójú gìtá, wọ́n ní "afárá". Kò sẹ́ni tó ń gba orí rẹ̀ kọjá. Agbókùnró ni mo mú wá.

Ó ku àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn. Fírẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ sí. Ẹni tó ní ká pè wọ́n ní "ìlà ìpínyà ohùn", kó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọmọ tó ń kọ́ gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì ládùúgbò rẹ̀, kó wò ó bóyá á mọ ibi tó máa fìka sí.