Ibojì àwọn ọba Ming ní Beijing: èwo ni ká fi ọjọ́ kan wò?

Ọmọ Òde
Ẹ kú ilé o. Àwa méjìlá nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ń lọ Beijing lóṣù kẹwàá. Ọjọ́ kan péré la ní fún ibojì àwọn ọba. Wọ́n ní 13 ló wà níbẹ̀: èwo ni ká wò, èwo ni ká fò? Orúnkún àwọn mẹ́ta nínú wa kò fẹ́ àtẹ̀gùn. Ṣé ibẹ̀ náà la ti máa rí àwọn ọmọ ogun alámọ̀ yẹn?

Baba Ìpẹ̀rù
Rárá o. Xi'an làwọn ọmọ ogun amọ̀ wà, nítòsí ibojì Qin Shi Huang. Ọkọ̀ ojú irin tó yá jù láti Beijing ń gbà ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ẹ gbàgbé ìyẹn.

Changping ni ti Ming wà, bíi kìlómítà 50 sí àárín Beijing. Kì í ṣe ojú kan bíi Òkè-Ẹ̀rí. Ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n fọ́n wọn ká sí. Shendao ni kí ẹ kọ́kọ́ dé, ọ̀nà tí wọ́n ń gbé òkú ọba gbà. Ère òkúta 36 ló tò síbẹ̀: ẹranko 24, èèyàn 12. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Ẹ gba gúúsù wọlé, kí ẹ jáde ní àríwá, torí apá ibẹ̀ làwọn ibojì wà.

Lẹ́yìn náà, Changling, ibojì ọba Yongle, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1409. Òpó igi nanmu 60 ló gbé gbọ̀ngàn rẹ̀ dúró, odindi igi kọ̀ọ̀kan ni, wọn ò lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹni tó bá mọ gẹdú igbó Ọmọ kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Dingling, ibojì ọba Wanli, ni kí ẹ fò: àtẹ̀gùn pọ̀, àpótí pupa tí ẹ máa bá nísàlẹ̀ ilẹ̀ kì í sì í ṣe pósí gidi.

Ará Ìlíṣàn
Baba, mo tọrọ gáfárà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò ó. Dingling nìkan ni àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ṣí nínú gbogbo wọn, ọdún 1956 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mítà 27 ni jíjìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn òkúta gan-an ni ká lọ wò: ọ̀pá òkúta kan fara ti ẹ̀yìn rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fa ilẹ̀kùn dé látìta, ọ̀pá náà ń yọ̀ tẹ̀ lé e títí tó fi há a pa. Àwọn tó ṣí i ní láti ti irin wọ àlàfo ilẹ̀kùn kí wọ́n tó rí ọ̀pá yẹn gbé kúrò. Òótọ́ ni pé aṣọ ṣẹ́dà inú rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ kàn án, wọ́n sì dáná sun egungun ọba Wanli àtàwọn ayaba rẹ̀ méjì ní 1966. Kí àwọn olórúnkún dúró lókè, kí àwọn tó kù sọ̀kalẹ̀.

Ìyá Ṣàgámù
Ẹ má lọ láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkeje oṣù kẹwàá. Ìsinmi gbogbo ìlú ni, èrò á há yín mọ́nà. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù gan-an dání, kì í ṣe fótókópì. Bọ́ọ̀sì 872 láti Deshengmen ló ń lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá pàdé yín nítòsí ibùdókọ̀, tó ní bọ́ọ̀sì ò ṣiṣẹ́ lónìí, ọkọ̀ tiẹ̀ ló fẹ́ kí ẹ wọ̀. Ẹ má dá a lóhùn.

Ọmọ Òde
Ẹ ṣé gan-an. Zhaoling ńkọ́, ibojì mìíràn nínú wọn?

Baba Ìpẹ̀rù
Bí aago mẹ́ta kò bá tíì lù. Bí ó bá ti lù, ẹ máa bọ̀.